Gíláàsì Tó Wà Lẹ́yìn Ọrùn Pásítọ̀

Bí ẹ bá wọ ìjọ wa ní Nukafu, nílùú Lomé, lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ gbójú sókè wo ẹ̀yìn àga ìwàásù. Fèrèsé tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì kọjú sí ìlà-oòrùn. Gíláàsì tọwọ́ ọ̀tún mọ́ bí omi. Tọwọ́ òsì ní àwọ̀ kan bíi ti tíì tí wọ́n gbàgbé láti da mílíìkì sí, tí ẹni tó pò ó sì tún ṣahun ewé tíì. Àwọn àlejò máa ń rò pé eruku ló wà lára rẹ̀. Arábìnrin kan tó wá kí wa láti Cotonou tiẹ̀ dìde lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún. A bẹ̀ ẹ́ kó jókòó.

Ọláwùmí, ọmọbìnrin Bàbá Isaac Onígíláàsì, ló ṣe ohun tó wà lára gíláàsì yẹn. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri, àwọn kan sì ń pè é ní iṣẹ́ ìyanu. Mo gba iṣẹ́ ìyanu gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìyanu kì í dúró fọ abọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ yìí sì fọ abọ́ títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi ń ṣí.

Isaac Àlàbí, bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Lomé ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Agbalépédogan, ó ń gé gíláàsì, ó sì ń ṣe fírémù fèrèsé. Mina ló fi ń bá oníbàárà dúnàádúrà, Faransé ló fi ń ka ìwọ̀n, Yorùbá ló sì ń lò tí gíláàsì bá fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Ọláwùmí ti ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀, láàárín pákó àti ìgò.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Zanguéra wọlé wá pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Vitrier, gíláàsì tí o fi sí yàrá àlejò mi ń sè mí. Tó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ti jinná."

Isaac ní, "Màmá, ẹ ní kí n bá yín mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ooru ni àbúrò ìmọ́lẹ̀. Ta ló ń pe ẹ̀gbọ́n síbi oúnjẹ kó ní kí àbúrò dúró síta?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà láti ra aṣọ fèrèsé. Ọláwùmí gbórí sókè nínú ìwé rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, tí ẹnu ọ̀nà bá mọ ojú àwọn méjèèjì yàtọ̀ ńkọ́? Kó jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọlé, kó sì dá àbúrò dúró?"

Isaac ní, "Ìyẹn á di ẹnu ọ̀nà olówó." Ó sì ń gé gíláàsì rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ ọmọ náà lára, tí kò sì jáde mọ́. Ó dé yunifásítì, ó ní kẹ́mísìrì lòun fẹ́ kọ́. Inú Títílayọ̀, ìyá rẹ̀, dùn, nítorí kẹ́mísìrì tí òun mọ̀ máa ń parí sí ilé ìta-oògùn, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ìgbà tí ọmọ wọ ipele ọ̀mọ̀wé ni ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè ohun tó ń ṣe gan-an. Inú ilé ìdáná ni, mo wà níbẹ̀, ẹ̀wà là ń ṣà.

"Irin kan ni, Màámi. Fanádíọ̀mù lorúkọ rẹ̀."

"Ṣé wọ́n máa ń fi ṣe ìkòkò?"

"Rárá. Èyí tí mo ń lò ti dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́."

Títílayọ̀ dá ọwọ́ dúró lórí ẹ̀wà. "Irin tó ti dara pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ó ti dípẹtà nìyẹn."

"Ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀."

"Ọdún mélòó lo fẹ́ fi kàwé lórí ìpẹtà?"

Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti bi Títílayọ̀ ní ìjọ pé báwo ni Ọláwùmí, á ní, "Ó wà nídìí ìpẹtà rẹ̀." Ohùn tí àwọn ìyá mìíràn fi ń sọ pé ọmọ àwọn wà ní Paris náà ló fi ń sọ ọ́.

Mo gbìyànjú láti mọ ohun tí ọmọ yìí ń ṣe, mo sì rò pé ó yé mi níwọ̀n. Fanádíọ̀mù ní ìwà kan tí mi ò lè gbóríyìn fún níwájú àwọn ọ̀dọ́: kò ní iye ọ́síjìn kan pàtó tó ń bá gbé. Bí ọ́síjìn bá pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, á jẹ́ lúlúù, ìyẹn ẹbu kíkúnná, tó pọ́n bí ẹ̀yìn ọsàn tó ti gbó. Bí wọ́n bá gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á di nǹkan mìíràn, àwọ̀ rẹ̀ á yí, ìwà rẹ̀ á yí. Èyí tí Ọláwùmí ń wá wà láàárín, ó dúdú bí aró tó ti gan. Láti rí i, á da lúlúù pípọ́n náà sínú omi pẹ̀lú ásíìdì funfun kan tí àwọn tó ń tún pákó àtijọ́ ṣe fi ń yọ àbàwọ́n. Omi náà á kọ́kọ́ rí bí ìtọ̀ ẹṣin, kí n má parọ́, lẹ́yìn náà á di búlúù tó lẹ́wà bí aṣọ Ìyá Màríà ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà. Á dà á sínú ìkòkò irin kékeré kan tí wọ́n fi ike funfun tẹ́ nínú, á dé e pinpin, á fi sínú ààrò iná mànàmáná di ọjọ́ kejì. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ ni á tún yan nínú ààrò tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ dé. Bí afẹ́fẹ́ bá yọ́ wọlé pẹ́nrẹ́n, lúlúù dúdú á padà sọ́dọ̀ àwọn ọ́síjìn rẹ̀ àtijọ́, á tún pọ́n bí ọsàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Iná tún máa ń lọ láàárín, délestage kò mọ ẹni tó ń ṣe ọ̀mọ̀wé.

Lúlúù pípọ́n yẹn ò dára fún èémí. Ọláwùmí ṣe àṣìṣe kan, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹni tó bá ń fà á símú lójoojúmọ́, ahọ́n rẹ̀ á di aláwọ̀ ewé. Ó ṣàlàyé pé òun máa ń bo imú àti ẹnu dáadáa, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò gbọ́ ìyẹn. Bí ọmọ bá ti wọlé láti labo, yàrá ìwádìí yunifásítì, kó tó kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, Títílayọ̀ á ní, "Yọ ahọ́n." Ọmọ tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ á yọ ahọ́n sí ìyá rẹ̀ lójú àlejò. Ọkùnrin kan wá tọrọ rẹ̀ nígbà kan, ó bá wọn nídìí rẹ̀. Kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, a ní kó wá ṣàlàyé ohun tí lúlúù dúdú náà ń ṣe. Ó ní ẹyọ kéékèèké tí ojú ò lè rí ló kún inú rẹ̀, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Bí ara wọn bá tutù, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú ní méjì méjì. Ooru inú oòrùn á rí àyè kọjá láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbóná dé ìwọ̀n kan, gbogbo wọn á jọ̀wọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú á dúró láyè ara rẹ̀, ọ̀nà á sì dí mọ́ ooru. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa kọjá.

Ìyá Dásọ́lá, tó ń ta aṣọ ìnura ní Agbalépédogan, tí kò sì lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má fi kún un, ní, "Èmi àti bàbá Dásọ́lá nìyẹn. Tí oṣù kejì bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan ẹnì kejì. Tí ooru bá lọ ńkọ́?"

"Wọ́n á tún di ara wọn mú, mà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Wọ́n sàn jù wá lọ."

Wàhálà kan ló kù. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ara wọn ga jù, méjìdínláàádọ́rin ni lórí òṣùwọ̀n. Lomé gbóná, àmọ́ ibi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, inú ìwàásù nìkan la ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ọláwùmí wá ń fi irin mìíràn díẹ̀ sí i, irú èyí tí wọ́n fi ṣe okùn wẹ́rẹ́ inú gílóòbù àtijọ́, kí ìwọ̀n náà lè sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí gíláàsì fèrèsé lásán lè gbóná dé lówùúrọ̀. Bó bá fi kéré jù, kò ní sọ̀ kalẹ̀ tó. Bó bá pọ̀ jù, lúlúù náà á gọ̀, kò ní mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ìdí ìyẹn ló wà fún ọdún méjì, títí ọ̀kan fi bọ́ sí i. Ó pò ó mọ́ òróró ìkunlé kan tó mọ́ gaara, ó fi kun gíláàsì tí bàbá rẹ̀ gé fún un, tó fẹ̀ tó ẹ̀yìn àgbàlagbà. Ó gbé e sí oòrùn lẹ́yìn labo. Ó ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, iná dé pẹ̀lú agbára òdì, ààrò labo jó, ohun tí wọ́n fi máa tún un ṣe sì wà nínú àpótí kan ní èbúté, ó ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, gíláàsì kan ṣoṣo ni Ọláwùmí ní. Soutenance rẹ̀ ti súnmọ́lé, ìyẹn ọjọ́ tí yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti gbèjà iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó kù ni kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Hervé, ọ̀gá rẹ̀, wá fi ẹ̀rọ wọn gíláàsì náà lójú fèrèsé gidi. Bí kò bá sí ìwọ̀n yẹn, wọ́n á sún gbogbo rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀, ipò olùkọ́ tí wọ́n fi pa mọ́ dè é ní yunifásítì á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó gbé gíláàsì náà lọ fún bàbá rẹ̀ pé kó fi gíláàsì kejì bo ojú ọ̀dà náà, kó sì fi sínú fírémù kó má baà fọ́. Isaac bi í pé, "Ṣé òun ni àkọ́kọ́?" Ọláwùmí ní, "Òun ni àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́, Bàbá." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n sọ nípa àkọ́so fún ẹni tí kì í ṣe ti ìjọ wa. Àkọ́so yàtọ̀ sí ìkórè. Ohun ìkórè, a máa ń tà á láàárín ara wa lẹ́yìn ìsìn, ẹni tó mú iṣu wá lè tún iṣu rẹ̀ rà. Àkọ́so ni ohun àkọ́kọ́ tó bá jáde láti ọwọ́ èèyàn nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá ti gbàdúrà lé e lórí, kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé Olúwa mọ́. Ìdí nìyẹn tí olórí akọrin wa fi ń jókòó sórí àga kan tó fẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ: àkọ́so káfíńtà ni. Aṣọ ìkélé wa náà gùn lápá kan, ó kúrú lápá kejì. Kò sẹ́ni tó ń rojọ́. Olúwa ló ni ín.

Ọdún tí Ọláwùmí wọ ipele ọ̀mọ̀wé ni Isaac dìde láàárín ìjọ, tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àkọ́so iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ òun, ti Olúwa ni. Ọláwùmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe àmín. Ó rò pé ọ̀rọ̀ iṣu ìkórè ni, tí èèyàn lè tún rà.

Ọjọ́ Àkọ́so bọ́ sí àárọ̀ tí àwọn tó ń tún ààrò ṣe ní àwọn ń bọ̀ ní labo, tí wọn ò sì wá. Nígbà tí Ọláwùmí fi dé ìsìn, zémi, ìyẹn ọ̀kadà, já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń ṣe àmín kẹta lórí àwọn àkọ́so. Ó wọlé, ó wo ẹ̀yìn àga ìwàásù. Gíláàsì rẹ̀ ti wà nínú fèrèsé òsì, ó jókòó rẹ́gí, Isaac sì dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú agbádá, ojú rẹ̀ ń dán.

Nínú àgbàlá ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí gíláàsì yẹn?"

"Lórí tábìlì mi, níbi tí o gbé e sí."

"Fírémù ni mo ní kẹ́ ẹ fi sí i."

"Mo fi sí i. O ò rí i bó ṣe bá a mu? Mo tún fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo etí rẹ̀, omi ò lè wọ ibẹ̀ títí ayé."

"Òun ni mo fẹ́ gbé síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Ìwọ lo sọ pé òun ni àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́."

"Òun nìkan náà ló ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Ọmọ mi, gbogbo àkọ́kọ́ ló máa ń jẹ́ nìkan títí èkejì á fi dé."

Títílayọ̀ sún mọ́ wọn. "Bàbá Ọláwùmí, ṣé ẹ bi í kẹ́ ẹ tó gbé e?"

"Mo bi í ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ṣe àmín."

Ìyá yíjú sí ọmọ. Ó ní, "Yọ ahọ́n."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ bá Pásítọ̀ Elijah ní ọ́fíìsì. Pásítọ̀ wa jẹ́ oníwà tútù, wọn kì í sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni, wọ́n máa ń jẹ́ kí ẹni náà sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọláwùmí, bó bá jẹ́ tèmi ni, ǹ bá ti yọ ọ́ fún ọ. Ìwọ sọ fún mi, ta ni kí n lọ bá pé kó dá ohun tí wọ́n ti fún un padà?"

Ọláwùmí sún mọ́ tábìlì wọn. Ó ní, "Ṣé ọ̀gá mi lè wá wọ̀n ọ́n níbí, sà?"

"A kì í ti ìlẹ̀kùn mọ́ àlejò. Kó wá sí ìsìn. Kó má jẹ́ ọjọ́ tí ilé Olúwa ṣófo, kó má baà dà bí ibi iṣẹ́."

Ó tún wá bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Hervé sọ ọ́. Hervé gbọ́ ọ dé òpin, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Mademoiselle Àlàbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti sọ fún mi pé iná ba iṣẹ́ àwọn jẹ́, pé ọkọ àwọn da omi sí i. Ìwọ nìkan ló ń sọ fún mi pé Ọlọ́run gba tirẹ̀." Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé kò sí òmíràn. Ó ní òun á wá, pé òun ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ ìgbéyàwó òun, kí wọ́n jọ̀wọ́ má pe òun jáde.

Ó wá ku ohun kan tí mi ò tíì sọ. Àga ìwàásù wa dúró gan-an níwájú fèrèsé òsì. Tipẹ́tipẹ́, bí ìwàásù bá ti ń lọ, oòrùn á yọ sókè díẹ̀díẹ̀, á wọlé látẹ̀yìn, á bà lé ọrùn Pásítọ̀. Wọ́n á fa aṣọ ìnujú yọ, wọ́n á nu ọrùn. Wọ́n á tún nù ún. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n á ní, "Ní ìparí." A kì í wo aago ní ìjọ wa. Ọrùn Pásítọ̀ là ń wò. Mi ò rántí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kan fèrèsé yẹn rí.

Ọjọ́ Ìsinmi tí Hervé wá, ilé kún. Àwọn tí a ti rí kẹ́yìn ní Àjíǹde wà níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ti kárí Nukafu pé gíláàsì kan máa ṣú dùdù lójú gbogbo èèyàn. Hervé lẹ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ gíláàsì méjèèjì kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó ní ìjókòó iwájú pẹ̀lú kámẹ́rà kan tó ń fi ooru hàn bí àwọ̀. Ọláwùmí jókòó tì í. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Bí gíláàsì yẹn bá kọ̀ lónìí, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti di àwọ̀ tíì lásán lójú fèrèsé.

Oòrùn gòkè. Kò sí ohun tó ṣú. Àwọn èèyàn ń wo gíláàsì, gíláàsì ń wò wọ́n. Láìpẹ́, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Dásọ́lá na ọrùn síwájú láti ìjókòó kejì.

"Ọláwùmí, ìgbà wo ló máa yí padà?"

Ọláwùmí wo ẹ̀rọ Hervé. Ìlà gíláàsì òsì ti ń gòkè lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìlà ti ọ̀tún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an, wọ́n pínyà. Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti yí padà, mà."

"Nígbà wo?"

"Nísinsìnyí."

"Mi ò rí nǹkan kan."

"Kò sí ohun tí ẹ máa rí, mà. Ohun tí ojú kì í rí ló dá dúró."

"Ìyẹn ìgbàgbọ́. Mo rò pé sáyẹ́ǹsì lo lọ kọ́."

Ìyá Dásọ́lá padà jókòó, ó sì sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé owó ilé-ìwé tí Isaac san ti wọgbó. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí èmi fúnra mi tó ṣàkíyèsí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Alàgbà Òjó, tí àga rẹ̀ wà níwájú fèrèsé ọ̀tún, ti nu ọrùn rẹ̀ títí aṣọ ìnujú fi rin. Pásítọ̀ kò tíì nu nǹkan kan. Aṣọ ìnujú wọn wà nínú àpò, ó ká síbẹ̀ bí wọ́n ṣe lọ̀ ọ́. Ọrùn wọn gbẹ bí ọrùn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu pọ́dà sí. Ìwàásù lórí Nóà ni. Ní ìgbà tí wọ́n máa ń sọ pé "Ní ìparí", wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀."

A padà sẹ́yìn. A dé ọ̀dọ̀ Ádámù. A bá a bọ̀ láti ibẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohùn Pásítọ̀ ń dùn sí i, ara wọn balẹ̀, mi ò rí wọn nínú ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lórí àga yẹn. Àwọn ọmọdé ti sùn. Èrò ọbẹ̀ tó wà lórí iná bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú àwọn ìyàwó ilé. Hervé, tí iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí tipẹ́, tí kò sì lè dìde nítorí ìjókòó iwájú ló wà, rọra bi Ọláwùmí léèrè.

"Ṣé ó máa ń pẹ́ báyìí?"

"Rárá, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

"Kí ló wá dé lónìí?"

Ọláwùmí wo ọrùn Pásítọ̀. Ó wo Alàgbà Òjó. Ó wo gíláàsì rẹ̀. Mo rí i tó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Gíláàsì náà ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Hervé gbé kámẹ́rà sókè sí àwọn méjèèjì tó wà níwájú. Ó ya àwòrán wọn. Àwòrán yẹn wà nínú ìwé ọ̀mọ̀wé Ọláwùmí títí di òní: àgbàlagbà méjì níwájú fèrèsé méjì, ọrùn ọ̀kan pọ́n bí ẹ̀yinná, ti èkejì jọ̀lọ̀ nínú àwọ̀ búlúù.

Ní ẹ̀yìn, òye ti ń yé àwọn èèyàn láti ìjókòó dé ìjókòó. Ìyá Dásọ́lá tún na ọrùn síwájú. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ọláwùmí."

"Mà."

"Ìwọ lo ṣe èyí fún wa?"

Soutenance wáyé ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìjọ wa gba ìlà mẹ́ta lẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn, a wọ aṣọ tó dára, a ò sì gbọ́ ju "bonjour" lọ nínú wákàtí àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan láàárín àwọn adájọ́ béèrè ohun tí gbogbo wa gbọ́ yékéyéké. Ó ní atẹ́gùn Lomé kún fún omi òkun, ṣé ohun yìí ò ní padà di lúlúù pípọ́n rẹ̀ àtijọ́, kí gíláàsì náà sì di gíláàsì lásán? Ìlà mẹ́ta gbáko tẹ̀ síwájú.

Ọláwùmí ní lóòótọ́ ni, bí afẹ́fẹ́ tútù bá rí ọ̀nà dé ibẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi bàjẹ́. Ìyá Dásọ́lá fún mi lọ́wọ́. Ọláwùmí wá wo bàbá rẹ̀, tó jókòó nínú agbádá kan náà, ó ní, "Ṣùgbọ́n onígíláàsì tó fi sínú fírémù ti dí gbogbo etí rẹ̀ pa. Mo wọn ìyẹn náà. Kò sí ìdí tí kò fi ní pé ogún ọdún."

Ìlà mẹ́ta kérora pọ̀. Àwọn adájọ́ rò pé a ń yìn ín ni, wọ́n mi orí sí wa. Wọ́n fún un ní èsì tó ga jù tí wọ́n ní.

Ó ti di olùkọ́ báyìí. Títílayọ̀ ń sọ fún ayé pé ìpẹtà ló sọ ọmọ òun di dókítà, ó sì ṣì ń wo ahọ́n. Ààrò labo ti dára. Alàgbà Òjó ti kọ́kọ́ bẹ Isaac pé kí wọ́n wá fi irú rẹ̀ sí fèrèsé ọ̀tún. Ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lé e lórí, wọ́n ní kí Alàgbà fi sùúrù gbàdúrà sí i, nítorí ó kéré tán ó yẹ kí ẹnì kan ṣì máa gbóná níbẹ̀.

Ọláwùmí fúnra rẹ̀ ni mo máa ń wò jù lọ́jọ́ Ìsinmi. Isaac ti ya ìjókòó iwájú sọ́tọ̀ fún un, ní ọ̀kánkán gíláàsì náà. Bí Pásítọ̀ bá ti sọ pé "Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀," màá rí i tó gbé ojú sókè wo fèrèsé òsì, tó ń wá bóyá àwọ̀ ọsàn kankan ti ń yọ létí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà á gbójú síbẹ̀. Á nawọ́ kọjá, á fọwọ́ tẹ etí ìjókòó rẹ̀, á ní, "Ó ṣì wà bó ṣe wà." Ọláwùmí á ní, "Àmín, Bàbá," á sì fẹ̀yìn tì.